Kírímù họ́mọ́ọ̀nù àdáyébá fún ìrora jẹjẹrẹ prósítéètì: kí ló wà nínú ike yẹn gan-an?

Ọ̀rọ̀ kírímù yìí ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Ẹnì kan á ní bàbá òun ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀, wọ́n fi kírímù họ́mọ́ọ̀nù pa á lápá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń dá rìn lọ wẹ̀. Ẹlòmíì á dáhùn pé kírímù yẹn gan-an ló da epo síná jẹjẹrẹ ọkọ òun. Ẹnì kẹta á ní dókítà òun fúnra ẹ̀ ló fún òun ní họ́mọ́ọ̀nù tí òun ń lẹ̀ mọ́ ara, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sọ pé kò dáa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa sọ òótọ́ o, torí kì í ṣe nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ. Orúkọ kan ni "kírímù họ́mọ́ọ̀nù", àmọ́ nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ ẹ, ọ̀kan lè dín testosterone kù lára, ọ̀kan ń fi kún un, ẹ̀kẹta sì wà láàárín, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó máa ṣe. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ike funfun kan náà ni gbogbo wọn wà, wọ́n sì kọ "àdáyébá" sí gbogbo wọn lára.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ẹni tí ìrora yìí ń bá fínra kì í ní àsìkò tó máa fi ṣòfò.

Kí ló dé tí jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àpò ìtọ̀ fi ń dunni lẹ́yìn àti ní ìbàdí?

Prósítéètì ò tóbi, ti ọ̀dọ́kùnrin tára ẹ̀ le ò ju bíi gíráàmù 20 lọ, abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ló la àárín ẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kì í yára, àwọn ọkùnrin míì á gbé e kiri títí wọ́n á fi darúgbó, nǹkan míì ló máa gbẹ̀mí wọn. Síbẹ̀ ní 2022, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn káàkiri àgbáyé lé ní mílíọ̀nù 1.4, àwọn tó sì pa lọ́dún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400,000.

Èyí tó bá ti jáde kúrò nínú prósítéètì, eegun ló sábà máa ń lọ bá, eegun ẹ̀yìn, ìbàdí, ìhà, itan. Eegun wa kì í jókòó sójú kan, ojoojúmọ́ lara ń wó èyí tó ti gbó tó sì ń mọ tuntun dípò ẹ̀. Tí jẹjẹrẹ bá wọbẹ̀, á máa ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun ní ìtìkutì, wọ́n á máa mọ ọ́n síbi tí kò yẹ, á nípọn tí ẹ bá wò ó nínú fọ́tò X-ray, àmọ́ kò ní lágbára, á máa fún àwọn iṣan tó wà nítòsí ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìrora ẹ̀ ò jọ ẹ̀yìn ríro lásán. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń sọ pé òru ló burú jù. Wọ́n fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, nǹkan á gún wọn wọ inú ìbàdí lọ, wọ́n á dúró gbọnin síbi tí wọ́n yí dé, wọn ò ní lè tẹ̀ síwájú, wọn ò ní lè padà, ìyàwó á tan iná, á bi wọ́n pé ojú ibo gan-an ni, wọn ò ní lè fọwọ́ tọ́ka sí i torí gbogbo ẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ẹni tó bá ti wo bàbá ẹ̀ báyìí fún òru mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, ẹ má bi í pé kí ló dé tó lọ ra kírímù.

Kí wá ni họ́mọ́ọ̀nù ní í ṣe pẹ̀lú ìrora eegun?

Ó ní í ṣe gan-an ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kírímù yìí fi ń tètè wọ àwọn èèyàn létí.

Testosterone ni họ́mọ́ọ̀nù tó ń hù irùngbọ̀n tó sì ń mú kí ohùn ọkùnrin ki. Kórópọ̀n ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, àwọn ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín náà sì ń ṣe àwọn ìbátan ẹ̀ díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì prósítéètì ní nǹkan kan tó dà bí àgádágodo, testosterone àti DHT tó ti ara ẹ̀ jáde tó tún lágbára jù ú lọ ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wọ̀ ọ́ tó sì yí, sẹ́ẹ̀lì á máa bí sí i.

Ní 1941, ní Yunifásítì Chicago, Charles Huggins àti Clarence Hodges gbé e jáde pé tí wọ́n bá yọ kórópọ̀n ọkùnrin tí jẹjẹrẹ prósítéètì ẹ̀ ti tàn, tàbí tí wọ́n fún un ní estrogen, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù tó pọ̀ lára obìnrin, jẹjẹrẹ náà máa ń sún kì. Àwọn kan tí ìrora eegun ti dá dùbúlẹ̀ rí ìtura láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n padà ń jẹun, wọ́n dìde. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1966. Torí náà ẹni tó bá sọ pé họ́mọ́ọ̀nù lè mú ìrora jẹjẹrẹ prósítéètì rọlẹ̀ ò purọ́, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tó kù ni họ́mọ́ọ̀nù wo, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó, kí ló sì máa ṣe fún testosterone tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Lóde òní abẹ́rẹ́ ti rọ́pò ọ̀bẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, irú goserelin àti leuprolide, wọ́n máa ń gún un lóṣooṣù tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó pàṣẹ fún kórópọ̀n láti orí ọpọlọ pé kó dáwọ́ dúró. Ohun tí wọ́n ń lé ni kí testosterone wá sísàlẹ̀ 50 nanogram nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa ń da àwọn ẹbí láàmú: irú abẹ́rẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ gbé testosterone sókè fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó já a wálẹ̀, ìrora lè le sí i nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fi oògùn oníhóró kan tì í níbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ò mọ̀, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ló ń pa bàbá, wọ́n á pa á tì, wọ́n á wá kírímù lọ.

Tó bá wá pẹ́, bóyá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, jẹjẹrẹ á kọ́ bó ṣe máa gbé láìsí testosterone púpọ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, testosterone ṣì wà nísàlẹ̀, PSA, ìyẹn ohun kan tí prósítéètì ń tú jáde tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí jẹjẹrẹ náà ṣe ń ṣe, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, eegun á tún máa dunni. Ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún wo òsì.

Kírímù wo ni wọ́n ń sọ nígbà náà?

Àkọ́kọ́ ni kírímù tàbí gẹ́ẹ̀lì testosterone, èyí tí wọ́n ń tà fún ọkùnrin tó ti ń dàgbà pé agbára ẹ̀ á padà. Òun náà, "àdáyébá" ni wọ́n ń pè é, torí bó ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ṣe wà nínú ike. Fún ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀ ti wọ eegun, èyí léwu. Ní 1981, àwọn dókítà méjì, Fowler àti Whitmore, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkùnrin tí wọ́n gún ní testosterone nígbà tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn, ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn burú sí i, kíákíá ló sì ṣẹlẹ̀, pàápàá àwọn tó ti wà lórí ìtọ́jú tó ń já testosterone wálẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé òun gbọ́ pé àwọn dókítà ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ń fi testosterone tọ́jú jẹjẹrẹ prósítéètì. Òótọ́ ni, ìwádìí wà lórí ẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ tó pọ̀ gan-an ni wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọn ò dá abẹ́rẹ́ tó ń ti kórópọ̀n pa dúró, àwọn tí jẹjẹrẹ náà ò dùn sì ni wọ́n ṣà fún un. Ẹni tí eegun ń dùn gan-an ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Ìkejì ni estrogen, mo máa padà wá bá a nísàlẹ̀ torí òun ló ní ìwádìí gidi lẹ́yìn. Ìkẹta ni progesterone. Nínú ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní kírímù họ́mọ́ọ̀nù àdáyébá, òun ló pọ̀ jù, òun sì ni àríyànjiyàn dá lé.

Ṣé inú iṣu ni wọ́n ti ń mú progesterone "àdáyébá" jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni, àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940 sókè, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Russell Marker lọ wa iṣu inú igbó ní Mẹ́síkò, ó rí ohun kan nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ diosgenin, ó sì mọ bó ṣe máa yí i padà di progesterone nínú ilé iṣẹ́ kẹ́míkà. Ìgbà yẹn ni họ́mọ́ọ̀nù tó wọ́n bí ojú di ohun tí wọ́n lè ṣe rẹpẹtẹ. Lóde òní wọ́n tún ń ti ara ẹ̀wà sóyà ṣe é.

Àmọ́ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ló ń yí i padà o, ara èèyàn ò ní ohun tó máa fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá jẹ iṣu náà tàbí tó fi oje ẹ̀ pa ara, diosgenin ló wọlé, diosgenin náà ló máa jẹ́. Torí náà, ike tí wọ́n kọ kìkì "oje iṣu inú igbó" sí lára lè má ní họ́mọ́ọ̀nù kankan nínú, tó bá sì ní in, á jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe é ní ilé iṣẹ́ tó wá pò ó mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ míì tí ẹ máa rí lára ike ni "bioidentical", ohun tí wọ́n ń fi sọ ni pé bí họ́mọ́ọ̀nù ara èèyàn ṣe rí lèyí náà ṣe rí. Lóòótọ́ progesterone inú irú kírímù bẹ́ẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ ni bóyá ó dáa fún ẹni tó ń lò ó, torí testosterone tó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà àdáyébá ni, ara ọkùnrin fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Ní 2008, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí àwọn ilé oògùn kan tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí polówó họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pò fúnra wọn, tí wọ́n ń sọ pé ó láàbò jù, pé ó ń dènà àìsàn. Ní 2020, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní National Academies lọ́hùn-ún tún yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ họ́mọ́ọ̀nù àpòpọ̀ yẹn wò, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò tó láti sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ tàbí pé kò léwu.

Kí ni àwọn tó gbà gbọ́ nínú progesterone ń wí?

Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ń jáde jù ni John R. Lee, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 2003. Obìnrin ló kọ́kọ́ ń gbà níyànjú lórí kírímù progesterone, kó tó wá sọ pé ó wúlò fún ọkùnrin náà. Àlàyé ẹ̀ lọ báyìí: bí ọkùnrin bá ṣe ń dàgbà, testosterone àti progesterone ara ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, estrogen ò sì ní lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, estrogen tó wá borí yìí ló ń ti prósítéètì, progesterone ló máa dá a padà sípò. Ohun kejì tí wọ́n dì mú ni pé progesterone lè dí iṣẹ́ ohun tó ń sọ testosterone di DHT lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe irọ́, wọ́n rí i nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe nínú ìgò.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn dókítà fúnra wọn ti lo ẹbí progesterone rí. Òótọ́ tún ni. Cyproterone àti megestrol jẹ́ àfarawé progesterone tí ilé iṣẹ́ oògùn ṣe. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lo cyproterone fún jẹjẹrẹ prósítéètì, megestrol sì máa ń dín ooru òjijì tó ń bo àwọn tó wà lórí abẹ́rẹ́ kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé oògùn oníhóró nìwọ̀nyẹn, ìwọ̀n wọn ga, ohun tí wọ́n ń ṣe lára sì yàtọ̀ sí ti progesterone gan-an, bí ọmọ bàbá kan náà tí ìwà wọn ò papọ̀.

Kí ló dé tí àwọn dókítà jẹjẹrẹ ò fi gbà?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àgádágodo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kì í dúró bó ṣe wà. Tí jẹjẹrẹ bá ti pẹ́ lórí ìtọ́jú, àgádágodo náà lè yí padà. Ní 1990, àwọn olùwádìí ní Rotterdam ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oríṣi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ prósítéètì kan tí wọ́n ń tọ́jú nínú ìgò, LNCaP ni wọ́n ń pè é, ara aláìsàn kan tí jẹjẹrẹ ẹ̀ ti tàn ni wọ́n ti mú un. Ojú kan péré ló yí padà lára àgádágodo ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyípadà yẹn tó kí àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́ máa ṣí i. Progesterone wà lára wọn. Ìyẹn ni pé nǹkan tí wọ́n ní kó pa iná ló ń fẹ́ iná. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló ní irú ìyípadà yìí o, àmọ́ lára àwọn tó ti wà lórí ìtọ́jú fún ọdún mélòó kan ló ti wọ́pọ̀ jù, àwọn yẹn náà ló sì ń wá kírímù jù.

Ọ̀nà kejì tún wà. Progesterone jẹ́ ohun èlò tí ara ń lò láti fi ṣe àwọn họ́mọ́ọ̀nù míì. Jẹjẹrẹ tí ebi testosterone ń pa lè mú un, kó máa gbé e gba ìgbésẹ̀ kan sí òmíràn títí á fi di DHT nínú jẹjẹrẹ náà gan-an, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà lápá sì lè má fi hàn. Kì í ṣe àròsọ lèyí náà, torí oògùn kan tó gbajúmọ̀, abiraterone, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2011, ojú ọ̀nà yìí gan-an ló ń dí. Ẹ wá wò ó: wọ́n fún bàbá ní oògùn olówó gọbọi tó ń dí ọ̀nà, ẹbí sì ń kó ẹrù fún jẹjẹrẹ lẹ́yìnkùlé.

Nǹkan tí wọ́n tún ti rí lára megestrol ni pé PSA àwọn ọkùnrin kan ń gòkè nígbà tí wọ́n ń lò ó, nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó wálẹ̀. Yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, kò tíì sí ìwádìí kan tó pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́ méjì, kí wọ́n fún ọ̀wọ́ kan ní kírímù progesterone, kí wọ́n fún ìkejì ní kírímù lásán, tó sì fi hàn pé ìrora eegun rọlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ìtàn èèyàn kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ní ìrora wọn rọlẹ̀ ńkọ́? Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sùn mọ́jú lẹ́yìn oṣù kan láìsùn mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó ṣòro láti mọ̀ ni ohun tó fà á.

Ìrora eegun kì í dúró lójú kan, ó máa ń le, ó máa ń dẹwọ́. Ọjọ́ tó le jù lèèyàn máa ń ra nǹkan tuntun, lẹ́yìn ọjọ́ tó le jù, kò sí ibòmíì tó sábà ń lọ ju pé kó dẹwọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí kírímù dé náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ dexamethasone tàbí prednisone, àwọn méjèèjì sì ń dín wíwú kù, wọ́n ń mú ìrora eegun rọlẹ̀ wéré. Progesterone fúnra ẹ̀ tún ní nǹkan kan, tí ara bá ti ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ọ̀kan lára ohun tó ń dà máa ń mú oorun wá, ẹni tó bá sì rí oorun sùn, ìrora kì í gún un tó tẹ́lẹ̀. Ká má sì gbàgbé ọwọ́ tó ń pa á lára. Ọwọ́ ìyàwó tàbí ti ọmọ tó rọra ń pa èèyàn lára láràárọ̀ ní ìtura tiẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ̀. Láti nǹkan bí 1996 sí 2002, egbòogi kan wà tí wọ́n ń pè ní PC-SPES, ewé àti egbò mẹ́jọ ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ prósítéètì. Ó ṣiṣẹ́ o! PSA ń wálẹ̀, ìrora ń rọlẹ̀, kódà àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí lórí ẹ̀. Ọyàn àwọn ọkùnrin tó ń lò ó sì ń wú, ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú iṣan àwọn míì. Nígbà tí wọ́n yẹ ìdì oríṣiríṣi wò, wọ́n bá DES nínú àwọn kan, ìyẹn estrogen tí ilé iṣẹ́ oògùn ṣe, wọ́n bá indomethacin tó jẹ́ oògùn ìrora, wọ́n tún bá warfarin tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Ní 2002 wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò lórí igbá. Àwọn tó sọ pé ara tu àwọn ò purọ́ nígbà yẹn, oògùn gidi ni wọ́n ń lò láìmọ̀, láìsí ẹni tó ń bá wọn ṣọ́ ọ.

Estrogen tó ń lẹ̀ mọ́ ara tí dókítà ń fúnni ńkọ́?

Èyí yàtọ̀ pátápátá. Nígbà kan, DES oníhóró ni wọ́n ń fún àwọn ọkùnrin dípò kí wọ́n fi ọ̀bẹ yọ kórópọ̀n wọn, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn ilé ìwòsàn ológun-fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1970 fi hàn pé àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ dídì ń pa púpọ̀ nínú àwọn tó ń lo mílígíráàmù 5 lójúmọ́. Ìdí ni pé ohun tí a bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń bá pàdé, estrogen sì ń ti ẹ̀dọ̀ láti máa ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó bá gba awọ ara wọlé ò kọ́kọ́ gba ibẹ̀.

Lórí èyí ni àwọn olùwádìí ní Bìrìtéènì ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí PATCH ní 2006. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀, wọ́n fún àwọn yòókù ní àlẹ̀mọ́ra estradiol, tó jẹ́ oríṣi estrogen kan, àwọn tó kópa lé ní 1,600. Èsì tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde ní 2021 ni pé wọn ò rí ẹ̀rí pé àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo àlẹ̀mọ́ra ju àwọn tó gba abẹ́rẹ́ lọ, testosterone wọn náà sì wálẹ̀ dáadáa. Ooru òjijì ò bá wọn jà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọyàn wíwú pọ̀ lọ́dọ̀ wọn gan-an.

Torí náà họ́mọ́ọ̀nù lè gba awọ ara ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ sáà wo bí wọ́n ṣe ṣe é: ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀, àlẹ̀mọ́ra tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà láti wo bóyá testosterone ti wálẹ̀ tó. Kírímù estrogen tí obìnrin máa ń lò lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró ò tó nǹkankan níwájú ìyẹn, ẹ má fi ìkan pe ìkejì.

Kí ló wà tó ń mú ìrora náà rọlẹ̀ ní tòótọ́?

Ó pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ẹbí ṣe rò lọ. Tó bá jẹ́ ojú kan tàbí méjì ló ń dunni, ìtọ́jú onítànṣán tí wọ́n ń pè ní radiotherapy ló sábà máa ń yanjú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè lọ, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 8 Gray, ìwádìí lóríṣiríṣi sì ti fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn ń dín ìrora kù bíi ti èyí tí wọ́n pín sí ọ̀pọ̀ ọjọ́, àfi pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti tún un ṣe tó bá yá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ tán, ìrora sì lè kọ́kọ́ ru sókè fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù.

Tó bá jẹ́ pé eegun púpọ̀ ni, docetaxel, tó jẹ́ oògùn kẹ́mò, wà láti 2004, ó fi kún ẹ̀mí àwọn aláìsàn, ó sì dín ìrora wọn kù. Radium-223 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013 jẹ́ abẹ́rẹ́ onítànṣán tí ara máa ń ṣì mú bíi calcium, á gbé e lọ síbi tí eegun ti ń mọ ara ẹ̀ ní ìmọkúmọ, ibẹ̀ gan-an ni jẹjẹrẹ wà. Lutetium, abẹ́rẹ́ onítànṣán míì, dé ní 2022. Àwọn oògùn tó ń jẹ́ denosumab àti zoledronic acid máa ń ran eegun lọ́wọ́ kó má baà kán, àmọ́ dókítà eyín ní láti kọ́kọ́ wo ẹnu, torí wọ́n lè ba eegun àgbọ̀n jẹ́.

Lórí oògùn ìrora, WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti la àtẹ̀gùn kan sílẹ̀ láti 1986, paracetamol ni àkàbà ìsàlẹ̀, morphine lòkè. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń sá fún morphine, wọ́n gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti fún ti ń lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń lò ó fún ọdún, wọ́n ń jókòó jẹun pẹ̀lú ọmọ wọn, ìwọ̀n ẹ̀ ni dókítà á máa tún ṣe. Ohun tó dájú pé ó máa ṣe ni pé ìgbẹ́ á le, kí wọ́n fún un ní oògùn ìgbẹ́ látọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni diclofenac àti ibuprofen tí àwọn èèyàn ń gbé mì bí omi, kíndìnrín bàbá tí prósítéètì ti ń dí ìtọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ò lè gba ìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Bàbá wa ti ń fi pa ara, kí la máa ṣe báyìí?

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ má torí kírímù dá abẹ́rẹ́ dúró. Ẹ gbé ike náà gan-an lọ bá dókítà, kó rí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ohun èlò sí, ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń lò, ibi tẹ́ ẹ ń fi pa, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wo testosterone àti PSA, kẹ́ ẹ sì fi wé ti ìgbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ testosterone ló wà nínú ẹ̀, ẹ dá a dúró lónìí. Ohun tó ń gba awọ wọlé tún lè gba awọ ẹlòmíì wọlé, ní 2009 FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára gẹ́ẹ̀lì testosterone torí àwọn ọmọdé tó fara kan bàbá wọn níbi tó fi pa, irun abẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára wọn. Torí náà ẹni tó ń bá bàbá fi pa á kó wọ ìbọ̀wọ́ ike, kó fọwọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí wọ́n sì fi aṣọ bo ojú ibẹ̀ kí ọmọ-ọmọ tó gun ẹsẹ̀ bàbá.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la, kírímù ò bá à ń lò, kò bá à má lò ó: tí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́nà tí kò gbà dùn rí, tó ń le sí i tó bá wúkọ́ tàbí tó bá dùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wá ń rọ, tàbí tó ń kú tipiri, tàbí tí kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn ti ń tẹ okùn iṣan tó gba àárín ẹ̀ kọjá. Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kí wọ́n fún un ní dexamethasone, kí wọ́n ya fọ́tò MRI ẹ̀yìn ẹ̀, kí ìtànṣán tàbí iṣẹ́ abẹ tẹ̀ lé e kíákíá. Ẹni tó bá ṣì ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yẹn ló sábà máa ń rìn lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú fún ọjọ́ mélòó kan kó tó débẹ̀, ó ṣòro kó tún tó dìde.